Ojú Tí Adétutù Fi Bá Ọmọ Rẹ̀ Wí

Bí ẹ bá dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan báyìí ní Bódìjà, tí ẹ bi àwọn ọmọ kíláàsì kẹta pé ta ni tísà wọn, wọn ò ní kọ́kọ́ dárúkọ fún yín. Wọ́n á ranjú mọ́ yín ná, lẹ́yìn náà ni wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ojú yẹn ni Mìsísì Adéróunmú. Obìnrin náà kì í na ọmọ, kì í sì í pariwo. Tí ariwo bá sọ nínú kíláàsì, á kàn gbé ojú kúrò lórí ìwé tó ń máàkì, á wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó tán. Ọmọ náà á gbé ọ̀rọ̀ mì. Àwọn òbí tilẹ̀ máa ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọmọ àwọn ti wá mọ ojú, pé àwọn ò fi ẹnu bá a wí mọ́ nílé.

Adétutù ni wọ́n sọ ọ́. Ará Ìkéré-Èkìtì ni, ọmọ olùkọ́ni nínú ìjọ Áńgílíkà. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ọmọ kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, ìyàwó kì í wà lóòró kí ìyá ọkọ, ẹni tó kéré kì í sì í jẹ́ kí ẹrù pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ. Kì í ṣe ohun tó ń rò kó tó ṣe é. Orúnkún rẹ̀ á ti kanlẹ̀ kó tó rántí ẹni tó ń kí. Nígbà tí Olúṣẹ̀yẹ, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Olúyọ̀lé, mú un lọ hàn nílé wọn ní Ìkọ̀lé, ìkúnlẹ̀ yẹn ni ìyá ọkọ rí tó fi gbà á. Ó ní ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni òun rí yìí, kí wọ́n má wulẹ̀ bi òun léèrè nǹkan mìíràn mọ́.

Ìrẹ̀mídé ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ẹ̀rín bàbá rẹ̀ ló jogún, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ìwà. Bí àlejò bá wọlé tí ọmọ náà ń jẹ bisikíìtì, ìyá á wò ó lẹ́ẹ̀kan, òun náà á dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, á gbé bisikíìtì rẹ̀ wọ yàrá lọ. Inú Adétutù á dùn. Ó gbà tọkàntọkàn pé ogún tó dára jù tí òun lè fi sílẹ̀ fún ọmọ nìyẹn. Ta ló sì fẹ́ bá a jiyàn? Ṣebí bí gbogbo wa ṣe ń tọ́ ọmọ nìyẹn.

Ọmọ náà ti lé lọ́mọ ọdún méje nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárọ̀. Àwọn kan ní ó ń sanra ni. Wọ́n tọ́jú ibà, wọ́n tọ́jú jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n gbàdúrà. Ẹsẹ̀ wá wú, ìtọ̀ sì ń dín kù. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà Oyèbọ́lá, obìnrin kan tí kì í fi òótọ́ pamọ́ ṣùgbọ́n tó máa ń rọra sọ ọ́, ṣàlàyé fún wọn pé ohun tó máa gba ọmọ yìí là ni kí wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí i lára. Olúṣẹ̀yẹ ní kí wọ́n wá yẹ tòun wò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Dókítà ní ìyẹn dáa, àmọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lókun kó sì tẹ̀wọ̀n díẹ̀ sí i. Kó tó dìgbà náà, inú ikùn rẹ̀ làwọn á ti máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ ìdodo ọmọ náà. Omi oògùn á gba ibẹ̀ wọ inú ikùn láti inú àpò kan, á jókòó síbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú ikùn á máa sẹ́ ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ sínú omi náà. Wọ́n á wá ṣí rọ́bà, omi ìdọ̀tí á jáde, wọ́n á sì fi omi tuntun sí i. Bẹ́ẹ̀ ni láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, àti kó tó sùn, láìsí ìsinmi ọjọ́ kankan. Ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, ìyá ló sì ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sàídátù ló kọ́ Adétutù títí tó fi mọ̀ ọ́n. Ti ilẹ̀kùn. Pa fáànù. Bo imú. Fọ ọwọ́ dé ìgunpá, kí o sì má fi kan nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ẹnu rọ́bà. Sàídátù sọ fún un pé, "Ẹ gbọ́ mi o, Mà. Ọwọ́ yín nìkan ni olùṣọ́ ikùn ọmọ yìí. Kòkòrò tó bá gba ẹnu rọ́bà wọlé, inú lọ́hùn-ún ló já sí. Tí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan ibi tí kò yẹ kó kàn, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pè mí lójú ẹsẹ̀. Ohun tí a lè ṣe wà, tí ẹ bá tètè pè." Adétutù ní òun gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́.

Torí ọmọ yìí ni wọ́n ṣe kó kúrò ní Òkè Àdó, níbi tí èrò ti pọ̀ lójúde, wá sí ilé kan ní Agbowó tó ní yàrá ọ̀tọ̀ fún un, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìsì. Páálí omi oògùn kún ibẹ̀ dé òkè. Ìrẹ̀mídé kò pẹ́ tó fi sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá yàrá náà. Á fi aṣọ bo imú, á jókòó sórí ìjókòó rẹ̀, á sì máa bi ìyá rẹ̀ bíi tísà tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì: "Fáànù ńkọ́?" "Ó ti kú." "Ilẹ̀kùn ńkọ́?" "Ó ti wà ní títì." "Ọwọ́ ńkọ́?" Ìyá á na ọwọ́ méjèèjì sókè kó wò ó. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbomú.

Ara ọmọ sì yá. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ iṣẹ́ àwọn dókítà, ara rẹ̀ yá. Ojú tó wú fọn padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oúnjẹ. Ó padà sí ilé ìwé, ó sì ga débi pé wọ́n ní láti tú ìṣẹ́po yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀. Kíndìnrín bàbá rẹ̀ bá a mu. Dókítà Oyèbọ́lá ní kí wọ́n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, pé tó bá fi díẹ̀ tẹ̀wọ̀n sí i, àwọn á mú ọjọ́.

Àárín àkókò yìí ni Màmá Ìkọ̀lé, ìyá Olúṣẹ̀yẹ, kọ́kọ́ wá kí wọn. Ó bá wọn lẹ́nu pípààrọ̀ omi, kọ́kọ́rọ́ sì wà lára ilẹ̀kùn nínú lọ́hùn-ún. Màmá dúró sí kọ́rídọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ títí wọ́n fi parí. Nígbà tí wọ́n ṣí i, kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé ọmọ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dé Akóbọ̀, etí Jẹ́jẹ́lọlá, ẹ̀gbọ́n Olúṣẹ̀yẹ obìnrin. Jẹ́jẹ́lọlá yìí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, gbogbo ilé ló ní irú rẹ̀ kan. Ó pe Adétutù lórí fóònù, ó ní, "Ìyàwó wa, a gbọ́ pé o ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá wa, tí wọ́n dúró síta bí ẹni wá tọrọ nǹkan." Adétutù bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ sórí táìsì níbi tí kò sẹ́ni tó rí i, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá yẹn mọ́. Ó kàn ń pa á dé ni.

Ọ̀sán Sátidé kan, Olúṣẹ̀yẹ wà níbi iṣẹ́. Omi ìdọ̀tí ti jáde tán, àpò tuntun ti wà lórí ìkọ́. Adétutù ti fọ ọwọ́, ó ti nu ún gbẹ, ó ku kó so ẹnu rọ́bà mọ́ àpò. Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá Ìkọ̀lé ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú takisí máíkírà, ó gbé báàgì ńlá kan lọ́wọ́, iṣu ló wà nínú rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ sì wà nídìí báàgì náà.

"Ìyàwó mi, ẹ ń lẹ́ níbẹ̀ o."

Orúnkún Adétutù ti kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ kú ọ̀nà, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbà á lọ́wọ́ yín." Ó gba báàgì náà nísàlẹ̀ níbi tó ti wúwo, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì padà sídìí ọmọ. Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ìborí fẹ́ ara rẹ̀, ó ń béèrè ọmọ rẹ̀. Adétutù ní ó máa tó dé láti ibi iṣẹ́, ó ní ẹ̀yin ńkọ́, ẹsẹ̀ yín ńkọ́, ará ilé ńkọ́. Bó ṣe ń kí wọn lọ, ó na ọwọ́ mú ẹnu rọ́bà.

"Mọ́mì," Ìrẹ̀mídé ní, "ọwọ́ yín."

Ìyá rẹ̀ wò ó.

Ojú kan náà ni o, tí gbogbo kíláàsì kẹta mọ̀. Ohun tí Adétutù gbọ́ kò ju ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà ti ń kíra wọn lọ, níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti ń fi ọmọ yìí yangàn káàkiri Ìkọ̀lé. Ojú ti lọ kí làákàyè tó dé. Ìrẹ̀mídé pa ẹnu rẹ̀ dé lábẹ́ ìbomú, ó wolẹ̀. Nígbà tí làákàyè dé, rọ́bà ti so mọ́ àpò, omi ti ń wọlé.

Adétutù mọ̀. Ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò mọ̀. Fóònù wà lórí tábìlì, nọ́ńbà Sàídátù sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá jókòó níbẹ̀, ó ti tẹ́ ìborí sílẹ̀, ó ń dárí ji ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nígbà kan. Kí ló fẹ́ sọ lórí fóònù létí Màmá? Pé nítorí kí n lè kí ìyá ọkọ mi, mo ti ba nǹkan jẹ́? Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìka ló kan báàgì, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á pè tó bá yá. Nígbà tó máa fi yá, ó ti gúnyán, Olúṣẹ̀yẹ ti dé, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ó sì wá dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kéré.

Ọjọ́ Ajé, omi tó jáde láti inú ikùn Ìrẹ̀mídé rí bí omidùn. Kò mọ́ gaara mọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà ká ẹsẹ̀ mọ́ra, ara rẹ̀ gbóná, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ikùn òun. Gbogbo wọn ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bàbá, ìyá, àti Màmá Ìkọ̀lé.

Dókítà Oyèbọ́lá wo àpò omi náà lójú iná. Ó ní kòkòrò àrùn ti wọ inú ikùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sídìí bẹ́ẹ̀dì kí ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé pẹ̀lú ti ọmọ náà, ó ní, "Ìrẹ̀mí, ìwọ lo máa ń ṣe ọ̀gá níbi omi yìí. Ǹjẹ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí o rí?"

Ojú ìyá rẹ̀ ni Ìrẹ̀mídé kọ́kọ́ wò. Adétutù kò ṣẹ́jú sí i rárá o, ojú rẹ̀ kò sọ pé dákẹ́, kò sì sọ pé sọ ọ́. Ó kàn dúró síbẹ̀ láàárín ọkọ àti ìyá ọkọ.

"Rárá, mà," ni ọmọ náà wí. "Mọ́mì máa ń fọ ọwọ́ wọn dáadáa."

Ẹ gbà mí. Ọmọ tí ikùn ń jó bí iná ló ń bo ìyá rẹ̀ láṣìírí. Adétutù jáde lọ sí kọ́rídọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Sàídátù níbẹ̀. Sàídátù kò bú u. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní oògùn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n á lò, bóyá ó sọ tàbí kò sọ, pé kó lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ó kàn ní, "Mà, ẹ̀ bá ti pè mí."

Oògùn wọlé, omi náà sì fẹ́ mọ́. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Omi náà tún ṣú padà. Wọ́n pààrọ̀ oògùn, kòkòrò náà fi ara pamọ́ sínú rọ́bà, kò lọ. Dókítà ní àfi kí wọ́n yọ rọ́bà náà kúrò, kó má bàa gba ẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n tún gbìyànjú láti fi òmíràn sí i, omi kò rí àyè wọlé, èyí tó wọlé kò sì jáde. Awọ inú ikùn ti lẹ̀ mọ́ra, ó ti dá àpá. Dókítà sọ ọ́ fún àwọn òbí jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, pé ikùn Ìrẹ̀mídé kò lè fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Ló bá di ẹ̀rọ. Wọ́n fi rọ́bà sí i lọ́rùn, ẹ̀rọ ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń dá a padà. Àwọn àgbàlagbà tó wà nídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń kígbe, ká má tíì sọ ọmọ tí kò tóbi ju ìrọ̀rí lọ. Bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ náà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, ojú rẹ̀ á funfun, wọ́n á sáré pa ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mú fún kíndìnrín bàbá rẹ̀, wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un. Olúṣẹ̀yẹ ti palẹ̀ mọ́, ó ti gba àyè níbi iṣẹ́. Ó máa ń jókòó síwájú ọ́fíìsì dókítà bí ẹni tó gbé ọjà wá tí wọn ò fẹ́ rà.

Ìrẹ̀mídé kì í ráhùn. Àwọn nọ́ọ̀sì ń yìn ín fún ìyẹn. Ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà nítòsí ilé wọn wá, Màmá Ìkọ̀lé sì wà láàárín wọn. Wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n gbàdúrà títí. Ọmọ náà dùbúlẹ̀, ó di ojú, ó pa ọwọ́ pọ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣe àmín tán ni Sàídátù wọlé, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ìrẹ̀mí, ṣé nǹkan kan ń dùn ọ́?"

Ó tún wo ìyá rẹ̀.

"Sọ ọ́, ọmọ mi," Adétutù ní. Omi ti dà lójú rẹ̀. "Mo bẹ̀ ọ́, sọ ọ́. Sọ ohun tó bá wù ọ́ níwájú ẹni tó bá wù ó jẹ́."

"Àyà mi. Ó ti ń dùn mí tipẹ́tipẹ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Wọ́n ń gbàdúrà," Ìrẹ̀mídé ní.

Àwọn dókítà sá wá. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin náà jáde. Ọkàn tó ti rẹ̀ látọjọ́ yìí ló dá iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ṣe kò mú un padà. Ìyá rẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú títí ó fi tutù. Nígbà tí wọ́n ní kó fi sílẹ̀, ó ní wọ́n má bínú, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun dì í mú díẹ̀ sí i.

Àwọn ọkùnrin ìjọ àti àbúrò Olúṣẹ̀yẹ ló lọ sin ín, torí òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Adétutù àti ọkọ rẹ̀ jókòó nílé ní Agbowó, èrò ń wọlé, èrò ń jáde. Ẹ kú àfaradà. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Olórí ilé ìwé wá, Jẹ́jẹ́lọlá wá láti Akóbọ̀, ó sì sunkún tọkàntọkàn, ẹ má gbà pé kò sunkún. Màmá Ìkọ̀lé jókòó láàárín àwọn àlejò, ó ń sọ irú ọmọ tí wọ́n pàdánù fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ni. Ó ní lójú òun yìí, kò bá àgbà fa ọ̀rọ̀ rí, ẹ ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tí àgbà bá wà.

"Ó sọ̀rọ̀, Mà," Adétutù ní.

Olúṣẹ̀yẹ fọwọ́ kan apá ìyàwó rẹ̀, ó rò pé ẹkún ló fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n kò sunkún. Ó rọra sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ tó ti fọ̀, báàgì iṣu, ìkúnlẹ̀, ohun tí Ìrẹ̀mídé sọ, ojú tí òun fi bá a wí, fóònù tí òun ò pè. Ó ní òun ò lè jókòó kí wọ́n máa yin ọmọ náà pé kò sọ̀rọ̀, torí ó sọ̀rọ̀, òun ni òun ní kó dákẹ́. Jẹ́jẹ́lọlá wo ilẹ̀. Ojú Olúṣẹ̀yẹ kò kúrò lára ògiri.

Màmá Ìkọ̀lé kò pariwo, kò sì ṣépè.

"Ìyàwó mi," ó ní, "kí ló dé tí o ò ní kí n dúró síta? Ọkọ mi ni ọmọ yẹn. Ṣé mi ò ní dúró ni? Ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, ṣé mi ò ní dúró sí kọ́rídọ̀ yẹn ni?"

Màmá tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, kò bi í bí ẹni tó ń bínú, ó bi í bí ẹni tó fẹ́ mọ̀.